Ẹsẹ̀ Mi Ò Tólẹ̀

Kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: mo kúrú. Kì í ṣe kúkúrú tí èèyàn lè fi bàtà gíga bò mọ́lẹ̀ o. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Èjìgbò, iwájú pátápátá ni mo máa ń tò sí lórí ìlà láràárọ̀, láti kíláàsì kìn-ín-ní títí dé ìkẹfà. Ẹni tó ń tò tẹ̀lé mi ń yí padà lọ́dọọdún, èmi ni mi ò kúrò lójú kan. Ìyá mi a ní kí n má da ara mi láàmú, pé n ó ṣì ga. Ó ń sọ ọ́ títí mo fi hu irùngbọ̀n.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo lọ sí Abíjàn. Ẹ má bi mí bí mo ṣe débẹ̀. Gbogbo ọmọ Èjìgbò ló mọ ọ̀nà náà, ẹni tí kò bá sì lọ rí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ. Ìlú tí mo gbé gan-an jìnnà sí Abíjàn, inú igbó kòkó ló wà, ṣùgbọ́n bí mo bá dárúkọ rẹ̀ nílé, ta ló máa mọ̀ ọ́n? Abíjàn ni gbogbo wa wà. Ọ̀gá tí mo lọ bá, ọmọ Èjìgbò bíi tèmi, abọ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti sálúbàtà ló ń tà.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbẹ̀ kì í ṣe èdè Faransé. Ìkíni ni. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, bàbá arúgbó kan, ọmọ onílùú, tí gbogbo irun orí rẹ̀ ti funfun, wọ ṣọ́ọ̀bù wá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín abọ́. Bàbá fò sẹ́yìn! Ó rò pé gìrì ló gbé mi, ó ń pariwo pé kí wọ́n gbé omi wá. Nígbà tí ọ̀gá mi ṣàlàyé fún un tán, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí mi pé kí n bọ òun lọ́wọ́. Èmi, kí n bọ ẹni tó ju bàbá mi lọ lọ́wọ́! Mo kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ìyá mi wà ńbẹ̀, kí n tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé ọjà lọ sí àwọn abúlé olóko kòkó lórí mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré kan tó ń ké bí ẹ̀fọn tí wọ́n há mọ́nú ìgò. Ẹrù máa ń pọ̀ lẹ́yìn mi débi pé ẹni tó bá ń tẹ̀ lé mi bọ̀ kò lè rí mi rárá, àfi bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ń dá rìn lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn mobilẹ́ẹ̀tì yẹn. Ìjókòó rẹ̀ wálẹ̀. Bí mo bá dúró, àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì á tẹlẹ̀ pẹrẹsẹ, mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi di nǹkan kan mú. Kò sí ohun mìíràn ní ilẹ̀ àjèjì yẹn tó bá mi mu rẹ́gí bẹ́ẹ̀.

Orí rẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ìkíni tuntun. Ní abúlé wọn, èèyàn lè wà lórí ìjókòó, kó gbé ọwọ́ sókè, kó ní "Bọ̀njúù, pàpá!" kó sì máa lọ. Bàbá á dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, ojú ń tì mí. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, mo lè kí ogún àgbàlagbà láàárọ̀ kan láìsọ̀ kalẹ̀. Ó wá dà bíi pé bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn.

Ẹ má rò pé ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀. Ìléyá àkọ́kọ́ tí mo ṣe lọ́hùn-ún, mo jẹ ẹran títí, mo wá lọ jókòó sẹ́yìn ilé, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Àwọn tó yí mi ká ṣèèyàn o, wọn ò ṣe mí níbi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó mọ̀ mí kí n tó débẹ̀. Àjò ò dùn kí onílé má rele. Tẹlifóònù náà ò rọrùn bíi ti ìsinsìnyí. Bí mo bá fẹ́ gbóhùn ìyá mi, mo gbọ́dọ̀ kọ̀wé ṣáájú, kí wọ́n mú un lọ sí Òṣogbo, kó lọ jókòó ti tẹlifóònù títí n ó fi pè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bọ́ sí i, ohun tí ìyá mi rí bi mí ni pé, "Ṣé ò ń jẹun? Ṣé o ti ga díẹ̀ sí i?" Mo ní, "Mo ti ga, màmá." Wáyà sì já.

Kásẹ́ẹ̀tì la fi ń sọ̀rọ̀ jù. Ṣàdíátù ni mò ń bá sọ ọ́. Ọmọ Isundunrin ni, ó wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Èjìgbò kí n tó lọ, a sì ti ṣàdéhùn pé bí mo bá fi ọdún mẹ́rin ṣiṣẹ́, n ó padà wá fẹ́ ẹ. Á gba ohùn rẹ̀ sí kásẹ́ẹ̀tì, á fi rán ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà Abíjàn. Mo máa ń gbọ́ adìyẹ wọn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo mọ ohùn adìyẹ yẹn ju ohùn àwọn tá a jọ ń sùn nínú yàrá lọ.

Pẹtí ni wọ́n ń pè mí lọ́hùn-ún, ìyẹn "kékeré" lédè Faransé. Pẹtí, wá. Pẹtí, gbé e. Ọmọ ọ̀gá mi tí kò tíì pé ọdún méje gan-an, Pẹtí ló ń pè mí. Mo fi ọdún mẹ́rin jẹ́ orúkọ náà, mo wá pinnu pé mi ò ní jẹ́ ẹ délé. Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí n wálé ìgbéyàwó, mo rí alùpùpù kan níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ó pupa. Ó ga. Sàlẹ́ńsà rẹ̀ yọ sókè lẹ́yìn bí ìrù àkùkọ. Mo ní, ẹni tó bá gun èyí wọ Èjìgbò, ta ló máa pè é ní kékeré?

Mẹkáníìkì náà, ọmọ Mọ́sì láti Bùrùkínà ni, ó ní kí n gùn ún wò. Òun di alùpùpù mú, èmi gòkè. Ó ní kí n fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Mo na ọ̀tún, mo na òsì, mò ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àfi ìgbà tí mo yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi tó kanlẹ̀.

"Bàtà, a máa ń wọ̀ ọ́ wò ká tó rà á," ó ní. "Èyí kì í ṣe tìẹ. Apá rẹ á na jù, ẹ̀yìn á máa dùn ọ́. Gígùn ò le. Dídúró ni iṣẹ́."

Ó ní bí mo bá takú pé èyí náà ni mo fẹ́, kí n jẹ́ kí òun gé fóòmù ìjókòó rẹ̀, kí òun sì rẹ sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, pé ó máa fi bí ìka mẹ́rin wálẹ̀. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án, mo rà á bó ṣe ga náà. Ṣé èèyàn á ra ẹṣin tán, á wá gé e lẹ́sẹ̀?

Mo ròyìn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fún Ṣàdíátù, mo tilẹ̀ fọn fèrè alùpùpù sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Èsì dé lẹ́yìn oṣù kan. Ó kí mi, ó kí ọ̀gá mi, adìyẹ ké, ó wá ní, "Mo gbọ́ fèrè. Ó dùn. Ṣé ẹsẹ̀ yín tólẹ̀ ńbẹ̀ ṣá?" Mo pa kásẹ́ẹ̀tì náà.

Bí alùpùpù ṣe délé, ìtàn ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gùn ún la Èjìgbò já. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì nínú oòrùn. Àwọn èèyàn ń jáde síta. "Ará Abíjàn ti dé o!" Orí mi wú. N kò tíì wo ìlú yẹn láti òkè bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìlú ẹni kì í ṣe ibi téèyàn ń kọjá lọ lásán. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àgbà tó jókòó sí iwájú rẹ̀, kò sì sí ọmọ gidi tó máa wà lórí alùpùpù kó máa kí àgbà. Wàá dúró, wàá sọ̀ kalẹ̀, wàá dọ̀bálẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló kọ́ mi bí kò ṣe ìyá mi? Ṣùgbọ́n kéèyàn tó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró ná. Èmi ò sì lè dúró níbi tí kò bá sí ohun tí n ó fẹsẹ̀ lé.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ òkúta. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ẹni tó mọ òkúta Èjìgbò tó mi. Níwájú ilé wa, etí gọ́tà. Lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, gbòǹgbò igi. Nílé àbúrò bàbá mi, Bàbá Kàsálì, búlọ́ọ̀kù méjì tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ń kọ́lé. Àgbà tó bá ní òkúta lójúde rẹ̀, mo ń sọ̀ kí i dáadáa. Àgbà tí kò bá ní, mo ń gbé ọwọ́ sókè, mo ń kí i láti òkè, mo ń fọn fèrè, mo ń kọjá. Obìnrin arúgbó kan wà ní ìparí ìlú, lójú ọ̀nà Isundunrin, tó máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, tó ń pa ẹ̀gúsí. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá ló ń nahùn pé, "Ta nìyẹn o?" Kó tó parí rẹ̀, mo ti lọ. Kò sí òkúta níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì náà sì ti ń ṣẹ. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ọrùn ọwọ́ ń ro mí. Lálẹ́, ìyá mi á máa fi òrí pa mí lẹ́yìn, á ní, "Ìgbádùn Abíjàn náà rèé?"

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n so yìgì wa ni ó ṣẹlẹ̀. Mò ń ti Isundunrin bọ̀ lọ́sàn-án gangan, mo wá rí bàbá Ṣàdíátù lókèèrè, òun náà ń bọ̀ lórí alùpùpù tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ bàbá náà, agùntáṣọọ́lò ni. Ó ga débi pé tó bá fẹ́ wọlé, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba. Alùpùpù rẹ̀ wá kéré bí ohun ìṣeré, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ etí rẹ̀, bí ìgbà tí tata bá fẹ́ fò. Nígbà tó mọ̀ pé èmi ni, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dúró de àna rẹ̀.

Mo wo ọ̀tún, ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo wo òsì, yanrìn. Kò sí òkúta, kò sí kùkùté. Mo mọ̀ pé bí mo bá dúró níbẹ̀, n ó ṣubú lulẹ̀ níwájú ẹni tó fẹ́ fi ọmọ fún mi. Ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí, ọwọ́ mi sì ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára láti ọdún mẹ́rin. Ó gbéra sókè.

"Ẹ kú ìrìn o, bàbá!"

Mo fọn fèrè sí i. Mo kọjá. Nínú dígí, mo rí i tó dúró sójú kan, eruku mi ti bò ó.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí ìránṣẹ́ fi dé ilé wa. Wọ́n ní bàbá ní kí á má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu mọ́. Ó ní, "Ẹni tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ kí mi nígbà tí n kò tíì fún un lọ́mọ, tí mo bá wá fún un tán ńkọ́?" Ìyá mi fi ọwọ́ lérí, ó jókòó sílẹ̀. Èmi ò lè gbé e mì, n ò lè pọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́rin, gbogbo kásẹ́ẹ̀tì yẹn, gbogbo adìyẹ yẹn.

Bàbá Kàsálì ló wá dá ọgbọ́n kan. Ó ní, "Bíréèkì ló já."

"Kò já, bàbá."

"Mo ní bíréèkì ló já! Ṣé o fẹ́ ìyàwó àbí o ò fẹ́?"

Bóyá ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n ò kúkú sọ òótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹ fi ọdún mẹ́rin jẹ́ Pẹtí nílẹ̀ onílẹ̀, kí ẹ wá dúró láàárín àwọn àna yín, kí ẹ ní ẹsẹ̀ yín ò tólẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbéra lọ sí Isundunrin, èmi níwájú, Bàbá Kàsálì lẹ́yìn mi. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ gùn, òun ló ń fi tẹlẹ̀ bá mi nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ dúró. A bá bàbá Ṣàdíátù àti àwọn ẹbí wọn níwájú ilé. A dọ̀bálẹ̀ títí. Bàbá Kàsálì ròyìn bíréèkì, bó ṣe já, bí mo ṣe ń ké pe Ọlọ́run lórí ìrìn. Bàbá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Bíréèkì tó já lánàá," ó ní, "kí ló dá yín dúró síbí lónìí?"

Bàbá Kàsálì wúkọ́. "A ti... wọ́n ti tún un ṣe láàárọ̀ yìí."

"Àrà ńlá. Àárọ̀ yìí náà?" Ó kọjú sí mi. "Ó dáa, gùn ún kí n rí i. Ìwọ nìkan. Lọ dé ìdí igi ọ̀hún, kí o padà wá dúró síwájú mi níbí."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tilẹ̀ lo ọjọ́ kan. Mo ti alùpùpù sí etí pèpéle, mo ti orí pèpéle gòkè, mo lọ. Ní ìdí igi, mo rò ó bóyá kí n kúkú máa lọ tààrà títí dé Abíjàn. Mo yí padà. Wọ́n jókòó, gbogbo wọn ń wò mí. Mo dé iwájú bàbá, mo tẹ bíréèkì. Bíréèkì tí a ní ó já mú, ó mú ṣinṣin! Alùpùpù dúró gbọn-in. Mo na ẹsẹ̀ òsì. Mo ń na án, mo ń na án. Ilẹ̀ ò sí níbẹ̀.

A ṣubú gbì, èmi àti alùpùpù. Nígbà tí mo máa mọ ibi tí mo wà, àyà mi ti lẹ̀ mọ́lẹ̀, apá mi na síwájú, ìka ọwọ́ mi kan sálúbàtà bàbá. Ohùn obìnrin arúgbó kan láàárín ẹbí wọn ló kọ́kọ́ jáde: "Ó mà ti dọ̀bálẹ̀."

Mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo mọ ẹ̀rín náà dáadáa, mo ti gbọ́ ọ nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ara mi balẹ̀ lọ́nà kan tí n kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun," mo ní, níbi tí mo wà nílẹ̀. "Kì í ṣe bíréèkì. Ẹsẹ̀ mi ni ò tólẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Ẹsẹ̀ mi ò tólẹ̀! Mo kúrú, bàbá. Mo rí yín lánàá, n ò lè dúró ni. Ẹ má bínú."

Bàbá wò mí, ó wo alùpùpù, ó tún wò mí. Ẹ̀rín kọ́kọ́ mì ín nínú, nígbà tó yá ó bú jáde, ó ń fi ọwọ́ gbá itan. "Ṣé o fẹ́ pàdánù ọmọ mi torí ẹsẹ̀? Dìde, jàre. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ta ní rán ọ níṣẹ́ ìtẹ́ tó jù ọ́ lọ?"

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé alùpùpù náà dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ó jókòó. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, orúnkún rẹ̀ wà níbi tó yẹ kí orúnkún wà. Ó na apá sí i, ó kan ọwọ́ rẹ̀ láìtẹ̀ síwájú. Ó wá ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Ọdún mẹ́wàá ni ẹ̀yìn ti ń dùn mí."

Kò tọrọ rẹ̀. Èmi ni mo ní kó máa gùn ún lọ, kó fún mi ní kékeré tirẹ̀. Ẹ má pè mí ní ọ̀làwọ́ o, ó dùn mí dé egungun. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Èjìgbò títí: "Ó gun ńlá wọ̀lú, ó wá ń gun kékeré kiri." Ṣùgbọ́n wọ́n so yìgì ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Bàbá ìyàwó ló gun pupa wá, ó dúró síwájú mi láìwá òkúta kankan, ó wò mí láti òkè, ó ní, "Àna mi, ṣé o rí i bí wọ́n ṣe ń dúró?"

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí èmi àti Ṣàdíátù lọ sí Abíjàn. À ń lọ dágbére fáwọn ará Isundunrin, òun lẹ́yìn mi lórí alùpùpù kékeré. A dé ìdí igi máńgòrò ní ìparí ìlú, mo tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹlẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sínú eèpo ẹ̀gúsí.

"Ẹ kú ìjókòó o, ìyá."

"Ta nìyẹn o?" Ó na ọwọ́, ó fi kan orí mi. Mo dárúkọ bàbá mi fún un. "Àà, ọmọ dáadáa! Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sílé lẹ ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń kíni. Ọlọ́run á bù kún yín." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ará Abíjàn kan wà tó máa ń kọjá níbí, á fọn fèrè, kì í dúró kí èèyàn. Ọkùnrin gíga ni o, torí òkè ni mo ti máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Ṣàdíátù ti ki aṣọ bọ ẹnu kí ẹ̀rín má bàa jáde. Mo gbọn ẹ̀gúsí kúrò ní àyà.

"Mo mọ̀ ọ́n, ìyá," mo ní. "Ó ti padà lọ."